Gbígbé ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànù wọ kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò ríran: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lọ láti ìgbà tí mo ti wà lára àwọn tó ń yọ̀ǹda àsìkò wọn láti gbé ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànù wọ kọ̀ǹpútà, kí àwọn tí kò ríran lè fi etí gbọ́ wọn tàbí kí wọ́n fi ìka kà wọ́n. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ẹni tó bá jókòó tì mí lóhùn, mo sì dúró pẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gba àlàyé.

Kí ni ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ń ṣe gan-an?

Yóò mú ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà, yóò fi skánà ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá àwọn lẹ́tà inú àwòrán náà mọ̀ kí ó sì sọ wọ́n di ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò gbé ìwé ka iwájú, yóò máa fi ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà wé ti inú ìwé ní ìlà dé ìlà títí tí kò fi ní sí ìyàtọ̀ láàárín wọn mọ́. Àwọn mìíràn kì í lo skánà rárá; wọ́n á máa wo ìwé, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé skánà ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. A lè ya ìwé kékeré kan tán láàárín ọ̀sán kan, kí kíkà á láti wá àṣìṣe inú rẹ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé ló tó ń ráyè ṣe é.

Ṣé àwòrán ojú ewé kò tó?

Kò tó. Ẹni tí kò ríran máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún un, tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àmì bréèlì sókè lábẹ́ ìka rẹ̀. Lẹ́tà ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń kà. Bí ẹ bá fi àwòrán ojú ewé ránṣẹ́ sí i, bó ti wù kó mọ́ tó, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè dì mú. Ètò mìíràn á gbìyànjú láti tú àwòrán náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ nípa wọn nísàlẹ̀ ni yóò kà sí i létí, láìsí ẹni tó máa bá a tún un ṣe.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Jàpáànù?

Àwọn tí kò ríran àti ìwé àtijọ́ ti jọ ń rìn ní ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin afọ́jú ló ń gbé ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní biwa káàkiri, tí wọ́n sì ń fi orin sọ ìtàn ogun ìdílé Taira fún aráàlú. Ní ọdún 1746 ni wọ́n bí Hanawa Hokiichi, tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, tó sì di ọ̀mọ̀wé ńlá. Àwọn ẹlòmíràn a máa ka ìwé sí i létí, òun a sì máa há a sórí. Òun ló kó àwọn ìwé àtijọ́ tó ti ń fọ́n ká jọ sínú àkójọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Gunsho Ruiju, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára pátákó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Pátákó náà lé ní 17,000, wọ́n sì wà ní Tokyo títí di òní. Ẹni tí kò ríran ló kó ìwé jọ fún àwọn tó ríran. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa bí ẹni pé àánú là ń ṣe, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Ní ọdún 1940, Honma Kazuo, tí òun náà kò ríran láti ọmọdé, dá ilé ìkàwé bréèlì sílẹ̀ ní Tokyo pẹ̀lú ìwé 700. Ilé ìkàwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti ìwé orí kọ̀ǹpútà, Aozora Bunko ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù lọ. Tomita Michio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1997, orúkọ náà sì túmọ̀ sí àkójọ ìwé abẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ gaara. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí lé ní 15,000, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló tẹ̀ wọ́n, àwọn ẹlòmíràn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, yálà ó ríran tàbí kò ríran.

Kí ni furigana, kí ló sì dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ibẹ̀.

Èdè Jàpáànù ń lo àmì ńláńlá tí wọ́n ń pè ní kanji pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kana. Kana ń sọ ohùn. Kanji ń sọ ìtumọ̀, kanji kan náà sì lè ní ohùn méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: 人気. Bí a bá kà á ní ninki, ó túmọ̀ sí òkìkí, pé àwọn èèyàn fẹ́ràn nǹkan. Bí a bá kà á ní hitoke, ó túmọ̀ sí pé èèyàn wà nítòsí. Oǹkọ̀wé kan lè kọ ọ́ pé akọni òun ń rìn lójú ọ̀nà tí kò sí hitoke níbẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó dá páropáro lóru. Bí ẹ̀rọ bá kà á ní ninki, ọ̀nà náà á di ọ̀nà tí aráyé kò fẹ́ràn. Ẹni tó ń fojú kà á lè padà wo ìlà náà kó sì tún èrò pa. Ẹni tó ń fetí gbọ́ ọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ohùn ẹ̀rọ náà sì ti kọjá.

Nítorí irú èyí ni wọ́n fi máa ń tẹ kana tín-ín-tín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kanji tó bá lè da ìwé rú mọ́ òǹkàwé lójú. Èyí ni furigana. Àwa Yorùbá yẹ kí ó tètè yé ju ẹlòmíràn lọ: ẹ kọ «oko» láìfi àmì kankan sí i, kí ẹ wá ní kí ẹ̀rọ kà á. Ṣé oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́, àbí ọ̀kọ̀? Ohun tí àmì ohùn ń ṣe fún wa ni furigana ń ṣe fún wọn, ohun kan náà sì ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ sọ nù nínú méjèèjì.

Nínú ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà, a máa ń kó furigana sínú àmì 《》 lẹ́yìn kanji tó ni ín. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Kokoro, ìwé tí Natsume Soseki kọ ní 1914, ni 私, tó túmọ̀ sí «èmi». Ọ̀pọ̀ èèyàn òde òní á kà á ní watashi, ṣùgbọ́n watakushi ni ti inú ìwé, ó gùn díẹ̀, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú. A ó kọ ọ́ báyìí: 私《わたくし》. Inú mi máa ń dùn láti sọ ibi tí àmì yìí ti wá: ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn tí kò ríran ni Aozora Bunko ti mú ìlànà rẹ̀. Àìmọye èèyàn tó ríran ló ń ka ìwé lónìí nípasẹ̀ àmì tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí kò ríran.

Irú àṣìṣe wo ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣe?

Èyí tó burú jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Ẹ wo àmì méjì yìí: カ àti 力. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ kana, ohùn rẹ̀ ni «ka». Ti èkejì jẹ́ kanji, agbára ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè pè é ní chikara. Kí kọ̀ǹpútà fi èkejì rọ́pò àkọ́kọ́ nínú カメラ, tó jẹ́ kámẹ́rà, ẹ máa wo ojú ìwé náà títí, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ohùn tó ń kà á sókè á wá sọ pé «chikara-mera». Bẹ́ẹ̀ náà ni ロ àti 口, bẹ́ẹ̀ náà ni ニ àti 二. Tún wà níbẹ̀ 未 àti 末, tó jẹ́ pé èwo nínú ìlà méjì òkè ló gùn ju èkejì lọ nìkan ló fi ìyàtọ̀ sí wọn. Àkọ́kọ́ ní «kò tíì», èkejì ní «ìparí».

Nítorí èyí, mo máa ń yẹ iṣẹ́ mi wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo máa ń fi ojú kà á pẹ̀lú ìwé níwájú mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń di ojú mi, mo sì máa ń jẹ́ kí ètò tó ń kàwé sókè kà á sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì fi etí gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán kò tíì parí rẹ̀, nítorí pé bí òǹkàwé rẹ̀ ṣe máa bá a pàdé gan-an nìyẹn.

Ìwé wo ni a lè mú?

Ìwé tí ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé lórí rẹ̀ ti parí. Higuchi Ichiyo kú ní 1896, Natsume Soseki ní 1916, Mori Ogai ní 1922, Akutagawa Ryunosuke ní 1927, Miyazawa Kenji ní 1933, Dazai Osamu ní 1948. Iṣẹ́ gbogbo wọn ti di ti aráyé. Òfin Jàpáànù tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀tọ́ náà ní ọdún 50 lẹ́yìn ikú oǹkọ̀wé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2018, ó di ọdún 70. Wọn kò gba èyí tó ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tì fún ogún ọdún gbáko: àwọn tó kú ní 1967 ló wọlé kẹ́yìn, iṣẹ́ àwọn tó kú ní 1968 sì di ọjọ́ kìíní ọdún 2039. Mishima Yukio, tó kú ní 1970, di 2041. Tomita Michio ta ko àfikún yìí gidigidi kó tó kú ní 2013, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ogún ọdún jẹ́ àsìkò gígùn fún ẹni tó ti di arúgbó, tó sì ń dúró de ìwé kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Àlàyé tí ọ̀mọ̀wé òde òní kọ sẹ́yìn ìwé kì í ṣe ti oǹkọ̀wé tó ti kú. Ẹ má ṣe dà á kọ. Ìwé tí wọ́n túmọ̀ tún ní ẹni tó túmọ̀ rẹ̀: ìtàn Genji tí Murasaki Shikibu kọ ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ di èdè Jàpáànù òde òní ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ti Yosano Akiko, tó kú ní 1942, ni ẹ lè mú láìbẹ̀rù. Ẹ̀kẹta, bí ẹ kò bá sí ní Jàpáànù, òfin ibi tí ẹ wà náà ní ohun tó ń sọ. Ní Nàìjíríà, ọdún 70 lẹ́yìn ikú ni, nítorí náà ẹni tó bá ti kú ju ọdún 70 lọ ni kí ẹ mú.

Àwọn ìwé tí ẹ̀tọ́ wọn kò tíì parí ńkọ́?

Òfin Jàpáànù gba àwọn ilé ìkàwé àti àwọn ẹgbẹ́ kan tó kún ojú òṣùwọ̀n láyè láti ṣe ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò lè ka ìwé lásán, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ oǹkọ̀wé. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Orí ètò bíi Sapie, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ni àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti ń rí wọn. Ẹ kò lè dá èyí ṣe nínú ilé yín, ẹ ní láti wà lábẹ́ ilé ìkàwé tàbí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013 tún jẹ́ kí ilé ìkàwé tó ní àṣẹ fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 2017, Jàpáànù sì wọ inú rẹ̀ ní 2018.

Mi ò gbọ́ èdè Jàpáànù. Ṣé mo lè ṣèrànwọ́?

Ẹ lè ya àwòrán ojú ewé, kí ẹ sì rí i pé kò sí ewé tó fò tàbí tó wọ́. Ẹ kò lè yẹ ọ̀rọ̀ wò, mi ò sì ní fi dídùn ẹnu sọ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ kọ́ kana ná, kò gba oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa yẹ furigana wò lábẹ́ ẹni tó mọ èdè náà.

Irú ẹ̀rọ wo ni mo nílò?

Skánà pẹlẹbẹ tí à ń gbé ìwé dojú dé ti tó. Ẹ jẹ́ kó ya àwòrán ní ìwọ̀n àmì tín-ín-tín 400 fún ínǹṣì kan (400 dpi), nítorí pé furigana kò ju ìlàjì lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, bí ìwé bá sì kéré bí àwọn tí wọ́n ń pè ní bunko, tí ẹ lè fi sápò, ìdọ̀tí ni furigana máa ń jọ lójú kọ̀ǹpútà bí àwòrán kò bá mọ́ tó. Ẹ sọ fún ètò náà pé òkè sí ìsàlẹ̀ ni ìlà ń lọ, láti ọ̀tún sí òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gé gbogbo ìlà ní ìbú. Ẹ tẹ àárín ìwé mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlà tó wà nínú kòtò níbi tí ewé méjì ti pàdé ló máa ń sọnù. Àwọn ará Jàpáànù kan a máa gé ẹ̀yìn ìwé kúrò pátápátá kí ewé lè máa gba inú ẹ̀rọ kọjá, wọ́n ń pe èyí ní jisui, ìyẹn «kí èèyàn dáná fúnra rẹ̀». Ẹ má ṣe é sí ìwé tó ti gbó, tí kò wọ́pọ̀, tàbí tí kì í ṣe tiyín.

Ẹ̀rọ tó mọ̀wé bí èèyàn ti dé. Kí ló kù fún wa láti ṣe?

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti dára sí i. Ilé Ìkàwé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Jàpáànù gbé ètò tó ń dá lẹ́tà mọ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2022, ó sì ń ran wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ẹ̀rọ tó ń méfò bí èèyàn ń bà mí ju ti àwọn àtijọ́ lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́, bí kò bá mọ lẹ́tà kan, á kọ ìdọ̀tí síbẹ̀, ìdọ̀tí náà á sì pe ojú yín. Ẹ̀rọ tuntun á fi ọ̀rọ̀ tó bá gbólóhùn mu síbẹ̀, kò ní pe ojú ẹnikẹ́ni, oǹkọ̀wé kò sì kọ ọ́. Ẹni tí kò ríran kò ní ìwé mìíràn tó lè fi wé e. Ohun tí a bá fún un ni yóò gbà pé Soseki sọ.

Bí ọ̀rọ̀ èébú bá wà nínú ìwé ńkọ́, pàápàá sí àwọn tí kò ríran?

Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Mekura, tí wọ́n fi ń pe afọ́jú láyé àtijọ́, ti di ọ̀rọ̀ tí ọmọlúàbí kì í lò ní Jàpáànù mọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ìwé ìgbà yẹn. A kì í yọ ọ́, a kì í sì í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ríran lè ṣí ìwé kó sì rí bí wọ́n ṣe pe èèyàn nígbà náà. N kò rí ìdí tí a ó fi pa á mọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an.

Ṣé ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà lè di bréèlì fúnra rẹ̀?

Dé ìwọ̀n kan. Bréèlì Jàpáànù, tí Ishikawa Kuraji ṣe, tí wọ́n sì gbà wọlé ní ọdún 1890, jẹ́ ti kana: ohùn nìkan ló ń kọ. Kanji kankan kò sí nínú èyí tó wọ́pọ̀. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń pe kanji kọ̀ọ̀kan kó tó lè di bréèlì, a sì ti padà sọ́dọ̀ ninki àti hitoke nìyẹn. Bréèlì tún ń fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀, èyí tí ìwé Jàpáànù kì í ṣe. Ẹ̀rọ lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, èèyàn ló máa ń parí rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ láyé àtijọ́ ńkọ́?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ láti ka ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ń ṣe é pọ̀ lórí ètò Minna de Honkoku, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀.

Ṣé wọ́n ń sanwó?

Rárá. Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò máa ń wà ní ìparí iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ìwé tí a wò dà á kọ. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Bí àṣìṣe bá jáde lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dé ọwọ́ aráyé ńkọ́?

Yóò jáde. Ìwé àtijọ́ ní àmì gígùn kan, 〱, tó jọ kana く (ohùn rẹ̀ ni «ku») tí wọ́n fà gùn, ìtumọ̀ àmì náà ni pé kí a tún ọ̀rọ̀ tó ṣáájú pè. Bí ìwé bá kọ いろ (iro) kó sì fi àmì yẹn tẹ̀lé e, iroiro là ń pè é, ìyẹn «oríṣiríṣi». Kọ̀ǹpútà mi kà á sí く, èmi náà kò sì rí i. Nígbà náà mi ò tíì máa fi etí yẹ iṣẹ́ mi wò. Òǹkàwé kan tí kò ríran ló kọ̀wé sí mi pé òun ti gbọ́ «iroku» lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìtàn kan, pé òun ti wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí òun kò rí i, ó sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ àdúgbò kan ni. Mo padà sínú ìwé, mo rí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún karùn-ún rí, èyí tí òun kò tíì kà dé. Mo tún wọn ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ／＼ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe sọ, mo sì fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí i kí ó tó dé ojú ewé náà.